Orúkọ Ta Ló Wà Lórí Bẹ́ẹ̀dì Kẹrin?

Ìpè mọ́kànlá ló ti wọlé sórí fóònù Ọmọ Télọ̀ kí ó tó wò ó.

Inú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ló wà. Igba èèyàn ni wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn náà fún, ṣùgbọ́n irínwó ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Àwọn kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, àwọn kan dúró lójú fèrèsé, wọ́n gbé ìwé wọn lé ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú wọn, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n bá rí gbọ́. Òun ti jí láti aago mẹ́rin àbọ̀ kí ó lè rí àyè jókòó. Kò jẹun. Ìdí nìyẹn tí kò fi fẹ́ dìde nítorí fóònù, torí ẹni tó bá dìde, àyè rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ló ń pè. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, kì í sì í pe ènìyàn lójú iṣẹ́. Ọkùnrin tí òjò kò lè mú kí ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ní gbé e kúrò nítorí ọ̀rọ̀ lásán. Ọmọ Télọ̀ dìde, ó ń tẹ bàtà àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi jáde.

"Ẹ káàsán, Bàbá mi."

Ìró ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ kí ohùn bàbá rẹ̀ tó wọlé.

"Ta ni ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi ọmọ yín ni, Bàbá mi. Kí ló dé tí ohùn yín rí báyìí?"

Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò gbẹ́kẹ̀ lé etí ara rẹ̀. "Ilé ìwòsàn iléèwé yín ló pè mí láti aago mẹ́wàá. Wọ́n ní ara rẹ wú. Wọ́n ní ọ̀fun rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, o ò lè sọ̀rọ̀, kí n máa bọ̀ kíá. Mo ti wà nínú ọkọ̀. Bàtà tí mo wọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Ìwọ lo wá ń kí mi pé ẹ káàsán yìí?"

Ọmọ Télọ̀ fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Ara mi le, Bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n pè yín padà."

"Pè mí padà kẹ̀? Ta wá ni ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń fi orúkọ ọmọ mi pè?"

Ọmọ Télọ̀ mọ ẹni náà. Ó gé fóònù mọ́ bàbá rẹ̀ létí, ohun tí kò dán wò rí láyé rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, wọ́n ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní yíyá orúkọ. Káàdì pélébé kan ni ilé ìwòsàn máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá forúkọ sílẹ̀. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà yàrá àti nọ́ńbà fóònù òbí ló wà lára rẹ̀. Kò ní àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á yóò tò sórí ìlà ní òwúrọ̀ ọjọ́ méjì, ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣe ìforúkọsílẹ̀ náà ni iṣẹ́ lábù máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í lọ. Wọ́n á ní, "Ara mi dá ṣáṣá, kí ni mo fẹ́ fi òwúrọ̀ méjì ṣòfò fún?" Bí àìsàn bá wá dé, wọ́n á yá káàdì ẹni tó lọ. Bí wọ́n ṣe ń yá garawa ni wọ́n ń yá a, bí wọ́n ṣe ń yá áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń yá a. Kò sí ẹni tó ń pè é ní irọ́.

Ẹni tó yá a láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òkè, lókè orí Ọmọ Télọ̀. Etí irin bẹ́ẹ̀dì náà ló ya gìgísẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Ó fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó, ó ń tiro lọ sí kíláàsì, nítorí ìdánwò lábù kì í dúró de ẹlẹ́sẹ̀ dídùn. Láàárọ̀ yìí, ẹsẹ̀ náà kò wọ bàtà mọ́.

"Yá mi lórúkọ, jọ̀ọ́," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. "Kó tó di ọ̀sán, mo ti dá a padà."

"Orúkọ mi wúwo o. Ṣé o lè gbé e?"

"Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ni wọ́n bí mi. Télọ̀ ni bàbá mi. Yàrá kejìdínlógún ni mò ń gbé. Kí ló kù?"

"Tí wọ́n bá ní kí o rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ńkọ́?"

"Màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín. Lọ́yà, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá náà, tó wà ní ọdún kejì nínú ẹ̀kọ́ òfin, ní òun á sìn ín lọ, kí òun lè máa fi ojú tọ́ ọ sọ́nà bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Báyìí ni wọ́n ṣe jáde nílé.

Lọ́yà náà ni Ọmọ Télọ̀ kọ́kọ́ rí lórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ó fi ìwé bo ojú, ṣùgbọ́n orí kodò ni ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Àwa méjèèjì kò gbọ́dọ̀ pariwo níbí. Ìwọ gan-an, ibo lo ti wá? Ó yẹ kó jẹ́ pé ìwọ lo wà lórí bẹ́ẹ̀dì."

"Wọ́n ti pe bàbá mi."

Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ Lọ́yà.

Kí ó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, nọ́ọ̀sì kan yọ láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. "Ta ló wá pẹ̀lú ẹni bẹ́ẹ̀dì kẹrin nínú yín?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wá, Mà," ni Lọ́yà dáhùn.

"Ẹ sọ fún un kó má fi ẹnu kan bisikíìtì ẹlẹ́pà mọ́. Ó jẹ ẹ́ nígbà tó ń dúró de dókítà. Kò pẹ́ tó gba abẹ́rẹ́ tán ni ojú rẹ̀ wú, ọ̀fun rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí. Ọlọ́run ló yọ ọ́. A ti fún un ní oògùn, ó ti ń mí dáadáa, àmọ́ kò tíì lè sọ̀rọ̀."

"Ṣé kì í ṣe abẹ́rẹ́ yẹn ló fà á, Mà?" Ọmọ Télọ̀ kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu òun.

"Ohun tí dókítà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ti gba irú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, kò sì ṣe é ní nǹkan kan. Ó wà nínú fáìlì rẹ̀. Gìgísẹ̀ yẹn sì ti ń kẹ̀, a ò lè fi í sílẹ̀ láìtọ́jú. Aago kan la máa fún un ní ìkejì."

Nọ́ọ̀sì padà wọlé. Aago ara ògiri ń lọ sí aago kan ku ìṣẹ́jú méjìlélógún.

Ọmọ Télọ̀ dúró gbagidi. Ó rántí ọjọ́ kan tí òjò há gbogbo wọn mọ́ yàrá, tí wọ́n ń ka àpá ara wọn fún ara wọn. Ẹlẹ́rìn-ín ní tòun kò hàn síta. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún méje, abẹ́rẹ́ apakòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n fún òun tí òun wú bíi bọ́ọ̀lù, tí ìyá òun ti ń sunkún òkú. Ó ní, "Wọ́n sọ fún ìyá mi pé bí mo bá tún gba irú ẹ̀, kí wọ́n má wulẹ̀ pe dókítà, kí wọ́n pe gbẹ́nàgbẹ́nà." Ó sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn bá a rẹ́rìn-ín.

"Lọ́yà. Ẹlẹ́rìn-ín kọ́ ló gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo gbà á nígbà tí ọ̀fun ń dùn mí. Ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ yàrá ìsàlẹ̀ yẹn ló gbà á, èyí tí mo yá lórúkọ nígbà tí eyín ń yọ ọ́ lẹ́nu."

"Mo gbọ́."

"Ara Ẹlẹ́rìn-ín kọ̀ ọ́. Wọ́n fẹ́ fún un ní ìkejì."

"Mo ní mo gbọ́." Lọ́yà di apá rẹ̀ mú. "Ronú kí o tó ṣe ohunkóhun. Ó wà nínú ìwé òfin iléèwé pé ẹni tó bá yá ẹlòmíràn ní káàdì, ilé ló ń lọ. Ẹni tó yá a náà ń lọ. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, èmi nìyẹn. Jẹ́ ká wọlé lọ bá a, ká ní kó fi orí sọ pé òun kò fẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́. Ẹni tí wọn ò bá gbá mú kì í ṣe ọ̀daràn."

"Wọn ò ní jẹ́ ká wọlé. Ṣé wọ́n jẹ́ kí ìwọ wọlé láti àárọ̀ ni?"

"Ká wá dúró díẹ̀ sí i. Ó lè jẹ́ bisikíìtì náà ni lóòótọ́."

Ọmọ Télọ̀ wò ó. "Ọdún kejì lo ṣì wà, Lọ́yà. O ò tíì ka ìwé dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kú."

Ó já apá rẹ̀ gbà.

Yàrá àkọsílẹ̀ wà ní òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Fáìlì, wọ́n sì ń sá fún un ju dókítà lọ, nítorí kì í jẹ́ kí lẹ́tà kan ṣoṣo ṣì nínú orúkọ ẹni. Ó jókòó síwájú pẹpẹ gíga tí fáìlì kún dé òkè, ó ń fi rúlà fa ìlà sínú ìwé ńlá kan.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kẹrin kọ́ ni ẹni tó wà nínú fáìlì rẹ̀."

Ìyá Fáìlì kò gbé ojú sókè. "Ta wá ni ẹni tó wà nínú fáìlì?"

"Èmi ni."

Rúlà dúró.

"Kí lo mọ̀ nípa ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún un, ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ láti kékeré. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà náà."

Àga ṣubú lẹ́yìn Ìyá Fáìlì. Obìnrin tó sanra, tó ti tó ẹni tí ń bọ̀ wá fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni kò rí kó yára rìn rí, bẹ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì sá lọ pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀. Ọmọ Télọ̀ tẹ̀ lé e.

Ohun tí ó rí nínú wọ́ọ̀dù kò kúrò lójú rẹ̀ títí di òní. Ojú Ẹlẹ́rìn-ín méjèèjì ti wú dí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì péré ló kù. Ètè rẹ̀ ti nípọn. Kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó ń mi orí, ó ń mi orí, ó sì ń fi ìka na irin bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì kan di èjìká rẹ̀ mú, ó ń tù ú nínú pé, "Má bẹ̀rù, kò ní dùn ọ́ tó ti àkọ́kọ́." Nọ́ọ̀sì kejì ti fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó ti gbé e lọ́wọ́.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," ni Ìyá Fáìlì wí. Èémí rẹ̀ kò tó. "Fáìlì ẹlòmíràn lẹ ń lò."

Nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ náà sínú abọ́ irin. Ó lọ pe dókítà.

Dókítà dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fi ìwé àti bírò sí ọwọ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó ní, "Kọ orúkọ rẹ síbí. Tìrẹ gan-an." Ẹlẹ́rìn-ín kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ wọ́ bí ti ọmọ jéléósinmi. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ pé: *Mo mi orí fún wọn. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí.*

Dókítà kà á, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. "Nígbà tí wọ́n fẹ́ fún ọ ní àkọ́kọ́, ṣé wọn ò bi ọ́ léèrè ni?"

Ó tún kọ: *Wọ́n ní irú èyí tí mo gbà lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. Bí mo bá ní n kò gbà á rí, wọn á mọ̀ pé èmi kọ́ ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.*

Oògùn mìíràn ni wọ́n fi tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ojú Ẹlẹ́rìn-ín ti ń là, ó sì ti lè mu omi.

Kí ó tó dìgbà náà, télọ̀ ti dé pẹ̀lú bàtà dúdú kan àti bàtà pupa kan. Ó di ọmọ rẹ̀ ní orí mú, ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́yìn, bí ìgbà tó ń wo aṣọ bóyá ó ya. Ìyá Fáìlì ní kí àwọn méjèèjì wọlé, kí Lọ́yà náà wọlé. Ó ṣí fáìlì Ọmọ Télọ̀ sórí tábìlì.

"Ọmọ yín ní ikọ́ efée," ni ó sọ fún télọ̀.

"Kò ní i."

"Àkọsílẹ̀ ní ó ní i. Ó ní èèwọ̀ ni nǹkan dídùn fún un, nítorí ṣúgà wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní oṣù kejì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lóyún."

Télọ̀ yí ojú sí ọmọ rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ọmọ Télọ̀ kúnlẹ̀. "Èmi kọ́, Bàbá mi. Mo yá wọn ni."

"Ẹni mélòó?"

"Mẹ́ta. Ẹlẹ́rìn-ín ni ìkẹrin."

"Èèyàn márùn-ún ló wà nínú ara kan níbí," ni Ìyá Fáìlì wí. "Bí wọ́n bá gbé ìwọ alára wá lọ́la tí o ò lè sọ̀rọ̀, ta la fẹ́ tọ́jú nínú wọn? A lè fún ọ ní oògùn ṣúgà tí o ò nílò, o lè kú sí i. Lójú tìrẹ, oore lo ń ṣe fún wọn. O kàn ń pín ikú kiri ni, o sì gbé tìrẹ pa mọ́ sínú fáìlì."

Lọ́yà rọra sọ̀rọ̀. "Mà, kí ló yẹ kí Ẹlẹ́rìn-ín ṣe láàárọ̀? Kò ní káàdì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kẹ̀."

Ìyá Fáìlì fa àpótí tábìlì yọ, ó mú ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde. Ojú kan péré ló ní. "Fọ́ọ̀mù ẹni tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rèé. Orúkọ, ọjọ́ orí, àìsàn, oògùn tí ara kọ̀. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. A óò tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, a óò sì ní kó padà wá gba káàdì. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí fọ́ọ̀mù yìí ti wà nínú àpótí yìí. A ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń béèrè."

Lọ́yà yíjú sí ilẹ̀kùn tó gbà kọjá láàárọ̀, ìwé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́tà rẹ̀ gàdàgbà. Irọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn, wọn kò tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ iléèwé pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí pé Ọmọ Télọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ kí ọ̀ràn tó bàjẹ́ tán, wọn kò lé wọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dá wọn dúró nílé fún oṣù mẹ́ta. Ìyà náà tọ́ sí wọn. Wọ́n fi ìlà pupa pa fáìlì àtijọ́ rẹ́, Ìyá Fáìlì sì ṣí tuntun fún Ọmọ Télọ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Nígbà tó bi í pé, "Ǹjẹ́ oògùn kan wà tí ara rẹ kọ̀?" ó fẹ́ dáhùn pé kò sí, ṣùgbọ́n ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀?"

"N ò mọ̀. Jẹ́ ká pe ìyá rẹ," ni télọ̀ wí, ó sì mú fóònù jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí à ń wí nìyí. Lóòótọ́, ayé iléèwé le. Ìlà gùn, kíláàsì kún, ebi ń pa yín, kò sí ẹni tó ní òwúrọ̀ méjì tó fẹ́ fi ṣòfò. Síbẹ̀, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn nígbà tí ara yín ṣì le, torí ẹni tí àìsàn ti gbé dè kò lè to ìlà. Bí àìsàn bá ká yín mọ́ láìní káàdì, ẹ má yá ti ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ bí ẹ ṣe wà, ẹ sọ òótọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Ẹ bi àwọn òbí yín, lónìí, oògùn tí ara yín kọ̀ láti kékeré. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé. Bí nọ́ọ̀sì bá ní ẹ ti gba oògùn kan rí, tí ẹ kò sì rántí, ẹ ní ẹ kò rántí. Ẹ má kàn ní bẹ́ẹ̀ ni láti tẹ́ ìwé lọ́rùn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí o yá òun lórúkọ, bó ti wù kó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ tó, kọ̀ fún un, kí o sì sìn ín dé ilé ìwòsàn. Dókítà kò lè wo ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà níwájú òun.